Ilé Funfun Lẹ́sẹ̀ Òkè Washington: Ìtàn Ìdásílẹ̀ Hòtẹ́ẹ̀lì Mount Washington ní Bretton Woods

Nígbà tí ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 2027 bá mọ́, hòtẹ́ẹ̀lì Mount Washington tí ó wà ní Bretton Woods, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, yóò pé ọdún 125 gbáko tí ó ti ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò rẹ̀ àkọ́kọ́. Ilé funfun báláú ni, òrùlé rẹ̀ pupa, ilé gogoro méjì yọrí lára rẹ̀, ó tẹ́ rẹrẹ sí àfonífojì tí odò Ammonoosuc ń gbà kọjá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ẹ̀yìn rẹ̀ sì dojú kọ Òkè Washington, òkè a-fi-yìnyín-dé-fìlà, òkè a-fi-kùrukùru-bora-sùn, ọba gbogbo òkè agbègbè náà, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6,288. Ọ̀pọ̀ ilé ńláńlá bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́rọ̀ kọ́ sí àyíká òkè yìí láyé ọjọ́un. Iná jó èyí tí ó pọ̀ nínú wọn, wọ́n wó òmíràn palẹ̀, díẹ̀ ló sì kù tí ojú ṣì ń rí.

Ohun tí mo ń fẹ́ kí òǹkàwé bá mi fi ọkàn sí nínú ìtàn yìí ni pé èrò tí ó bí ilé náà kọ́ ni ó gbà á là. A kọ́ ọ fún ìwọ̀nba àwọn olówó tí yóò máa lo gbogbo ìgbà ooru níbẹ̀ lọ́dọọdún. Èrò náà kò pé ogójì ọdún kí ó tó gbó. Àwọn onílé pààrọ̀ ara wọn léraléra, àlejò yí padà, àṣà yí padà, ṣùgbọ́n òkè, odò àti igbó tí wọ́n yí ilé náà ká ni a kò jẹ́ kí ó bàjẹ́, lórí wọn ni ilé náà sì fara tì títí di òní. Ìtàn náà kan àwa ọmọ Yorùbá pẹ̀lú, nítorí nínú ilé yìí ni a ti pinnu ọ̀rọ̀ owó tí ó wọ inú àpò àgbẹ̀ kòkó Ìbàdàn àti Oǹdó, tí ẹnì kan nínú wọn kò sì sí níbẹ̀.

Kí Ilé Tó Wà

Àwọn Abenaki, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó débẹ̀, ń pe òkè náà ní Agiocochook. Àwa tí a ń bọ Òkè Ìbàdàn, tí àwọn baba wa sì sá sábẹ́ Olúmọ nígbà tí ogun le, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé ènìyàn lè fi òkè ṣe ibi ọ̀wọ̀ àti ibi ààbò. Àwọn òyìnbó tí wọ́n kọ́kọ́ wá tẹ̀dó sí àárín àwọn òkè wọ̀nyí, àgbẹ̀ àti ọdẹ ni wọ́n. Àwọn ará ilé Crawford ni ó sì gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn, nítorí pé wọ́n ń gba arìnrìn-àjò sílé, wọ́n ń fún un ní oúnjẹ àti ibùsùn, ní ọdún 1819 wọ́n sì la ọ̀nà ẹsẹ̀ kan lọ sórí òkè, èyí tí àwọn agunkè ṣì ń tọ̀ lónìí.

Ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú ni ó kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di ibi tí gbogbo ayé ń fẹ́ wò. Ní alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 1826, òjò àrọ̀ìrọ̀dá mú kí ara òkè kan ya lulẹ̀ ní ọ̀nà tóóró tí a fi ń kọjá láàárín àwọn òkè náà. Ìdílé Willey, bàbá, ìyá, ọmọ márùn-ún, àti àwọn alágbàṣe méjì, sá jáde kúrò nínú ilé wọn láti wá ibi ìsádi, ilẹ̀ náà sì bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta ńlá kan tí ó wà lẹ́yìn ilé la ẹ̀kún ẹrẹ̀ náà sí méjì, ilé sì dúró láìfarapa. Àwọn tí wọ́n sá ni ó kú, ilé tí wọ́n sá fún ni ó yè. Ìròyìn náà kàn káàkiri, àwọn akọ̀wé àti ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í wá fojú rí i, Thomas Cole sì fi ọ̀nà òkè náà ya àwòrán kan tí ó lókìkí ní ọdún 1839.

Lẹ́yìn náà ni rélùwéè dé. Ní ọdún 1869, Sylvester Marsh parí ojú irin eléyín tí ń gbé ènìyàn gun orí Òkè Washington gan-an, irú èyí tí ayé kò tíì rí rí fún gígun òkè. Nígbà tí ó sì di ọdún 1875, ọkọ̀ ojú irin ti ń gba àárín àwọn òkè náà kọjá. Ní àkókò yìí, ooru ìlú ńlá ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ kì í ṣe ohun eré: New York, Boston àti Philadelphia a máa gbóná bí ààrò, omi ibẹ̀ kò mọ́, ibà jẹ̀funjẹ̀fun a sì máa jà. Àwọn mìíràn wà tí ìyẹ̀fun òdòdó máa ń mú sín títí ojú wọn yóò fi wú, tí ó jẹ́ pé orí òkè nìkan ni wọ́n ti ń rí ìtura. Àwọn wọ̀nyí tilẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Bethlehem tí kò jìnnà síbẹ̀ ní ọdún 1874. Ohun tí ènìyàn ń wá nígbà náà ni afẹ́fẹ́ tútù, omi tí ó mọ́ gaara, àti òru tí a lè sùn nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá lówó a kó ìyàwó, ọmọ, ọmọ ọ̀dọ̀ àti àpótí aṣọ ńláńlá sínú ọkọ̀ ojú irin, kò sì ní padà sílé títí ooru yóò fi lọ.

Joseph Stickney àti Àwọn Oníṣẹ́ Ọnà Ítálì

Ọmọ ìpínlẹ̀ New Hampshire ni Joseph Stickney, òwò èédú ilẹ̀ àti ìdókòwò nínú rélùwéè ni ó sì sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Ó ti ra hòtẹ́ẹ̀lì Mount Pleasant tí ó wà ní àdúgbò náà ṣáájú, ṣùgbọ́n èyí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn; ilé tí yóò borí gbogbo ilé ni ó ń fẹ́. Ó ní kí Charles Alling Gifford ya àwòrán ilé fún òun, ní ọdún 1900 iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọnà tó 250 ni a kó wá láti Ítálì, bíríkìlà, agbẹ́kùúta, káfíńtà àti àwọn tí ń fi ẹfun ṣe ọ̀ṣọ́ sára ògiri. Ìpìlẹ̀ òkúta tí wọ́n tò àti iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ṣe sára àjà ilé náà ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Egungun irin ni a fi gbé ilé náà ró, ohun tí kò wọ́pọ̀ nígbà náà fún ilé ìtura ní abúlé, èyí sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí ìjì òkè náà kò fi rí i gbé ṣe. Owó tí ó bá iṣẹ́ náà lọ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.7 dọ́là, owó ńlá gbáà ni lójú ayé ọjọ́ náà.

Kò sí ohun tí ìlú ńlá ní tí Stickney kò fi síbẹ̀. Ilé náà ní ẹ̀rọ iná mànàmáná tirẹ̀, ó ní tẹlifóònù, ó ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní abẹ́ ilé, ó sì ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ nínú ilé. Yàrá ìjẹun ńlá ni a kò fún ní igun bí ti yàrá yòókù, ìdí tí wọ́n sì máa ń sọ fún èyí ni pé kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn gbajúmọ̀ má baà rojọ́ pé wọ́n fi òun sí kọ̀rọ̀. Inú mi dùn sí ọgbọ́n yìí, nítorí ẹni tí ó bá ti ṣètò àpèjẹ nílẹ̀ Yorùbá rí mọ̀ pé ibi tí a fi ènìyàn jókòó sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ilé náà ṣí ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1902. Kò pẹ́ rárá, ní òpin ọdún 1903, ikú mú Stickney lọ. Ẹni tí ó kọ́ ilé fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ìgbà ooru méjì péré ni ó jẹ nínú rẹ̀.

Igbó Tí Ó Kù Díẹ̀ Kí Ó Parun

Níhìn-ín ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí àwọn tí ń sọ ìtàn hòtẹ́ẹ̀lì yìí sábà máa ń fo ibí kọjá kí wọ́n lè tètè dé ibi àpérò owó àgbáyé tí a ṣe níbẹ̀ ní ọdún 1944. Ní àsìkò kan náà tí Stickney ń kọ́lé, àwọn oníṣòwò gẹdú ń gé igbó tí ó yí ilé náà ká lulẹ̀ láìṣẹ́ nǹkan kù. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti ta ilẹ̀ igbó rẹ̀ tán fún ẹni tí ó bá lówó. Àfonífojì Zealand, tí kò jìnnà rárá sí Bretton Woods, ni ilé iṣẹ́ J. E. Henry gé títí ó fi di ilẹ̀ gbalasa. Ẹ̀ka igi gbígbẹ tí wọ́n fi sílẹ̀ gbiná ní ọdún 1886, ó tún gbiná ní ọdún 1903, iná náà sì jó ilẹ̀ débi pé àpáta nìkan ni ó kù níbòmíràn. Eérú àti ẹrẹ̀ wọ inú odò, odò tí ń fi ìgbà gbogbo ṣàn a gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sì kún àkúnya nígbà òjò, àwọn ilé iṣẹ́ òwú tí ń lo agbára omi ní ìsàlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Àwọn onílé ìtura náà ké, wọn kò sì fi ẹnu kékeré ké e, nítorí kò sí ẹni tí yóò san owó ńlá kí ó lè jókòó sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa wo kùkùté. Ní ọdún 1901 ni a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti dáàbò bo igbó New Hampshire, ẹgbẹ́ náà sì fi ọdún mẹ́wàá rọ ìjọba Amẹ́ríkà kí ó tó gbọ́. John Wingate Weeks, ọmọ bíbí Lancaster ní ìpínlẹ̀ náà, tí ó ń ṣojú Massachusetts ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ni ó gbé òfin kan kalẹ̀ tí a bu ọwọ́ lù ní ọdún 1911. Òfin yìí fún ìjọba àpapọ̀ láṣẹ láti ra igbó padà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà, nípa bẹ́ẹ̀ a fi ìdí igbó ọba tí ń jẹ́ White Mountain múlẹ̀ ní ọdún 1918. Igi tí àlejò òní ń rí láti ojú fèrèsé, tí ó rò pé ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó hù lẹ́yìn òfin yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ẹni tí ó dá hòtẹ́ẹ̀lì náà sílẹ̀, Stickney ni èmi yóò kọ́kọ́ pè, ṣùgbọ́n èmi kò ní gbàgbé láti pe Weeks lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbà Ìyáàfin Carolyn

Ọwọ́ opó Stickney, Carolyn Foster, ni ilé náà bọ́ sí, obìnrin náà kò sì jẹ́ kí ó dorí kodò. Ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì òkúta kékeré kan sí àdúgbò náà ní ìrántí ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó fẹ́ Aymon de Faucigny-Lucinge, ọmọ ọba kan láti ilẹ̀ Faransé, láti ìgbà náà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ilé náà sì ń pè é ní Ọmọ-ọba-bìnrin. Ìtàn ẹnu tí àwọn ará ibẹ̀ kò jẹ́ kí ó kú ni pé a máa dúró lókè lẹ́yìn aṣọ títa ní ìrọ̀lẹ́, kí ó kọ́kọ́ wo aṣọ tí àwọn obìnrin mìíràn wọ̀ wá síbi oúnjẹ, bí ó bá sì rí èyí tí ó lè borí tirẹ̀, a padà lọ pààrọ̀. Ibùsùn onígi mẹ́rin tí ó máa ń gbé kiri ṣì wà nínú ọ̀kan lára àwọn yàrá ilé náà.

Ìgbà ayé rẹ̀ ni òkìkí ilé náà kàn jù, ìgbà náà sì ni ohun tí yóò mú un rẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ní ọdún 1913 ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí lórí ohun tó ń wọlé fún ọlọ́rọ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé, ẹni tí ó sì ní ọkọ̀ tirẹ̀ kò fẹ́ dúró sí ojú kan fún oṣù méjì mọ́. Ọjọ́ méjì níhìn-ín, ọjọ́ méjì lọ́hùn-ún ni ó kù tí ó ń fẹ́. Òfin tí ó ka ọtí léèwọ̀ dé ní ọdún 1920. Lẹ́yìn èyí ni ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dojú bolẹ̀ ní ọdún 1929, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdílé tí ó máa ń wá lọ́dọọdún ni a kò sì rí mọ́. Ilé ìtura Profile ti jóná ní ọdún 1923. Mount Pleasant, tí Stickney fi bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n wó lulẹ̀ ní ọdún 1939. Carolyn kú ní ọdún 1936, ọmọ ẹbí rẹ̀ kan ni ó sì jogún ilé náà. Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé, nígbà tí ogun Hitler sì dé, a ti ilẹ̀kùn pa ní ọdún 1942. Ìgbà ooru méjì ni kò sí ẹsẹ̀ àlejò lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

Oṣù Keje Ọdún 1944

Ààrẹ Roosevelt àti àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀ ń wá ibi tí àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n pawọ́ pọ̀ bá Jámánì àti Japan jà yóò ti jókòó jíròrò bí owó àgbáyé yóò ṣe rí lẹ́yìn ogun. John Maynard Keynes, aṣojú àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àrùn ọkàn, ó sì ti bẹ àwọn ará Amẹ́ríkà pé kí wọ́n jọ̀wọ́ má ṣe kó àwọn lọ sínú ooru ìlú Washington ní oṣù Keje. Àfonífojì tútù lẹ́sẹ̀ òkè ni ìdáhùn sí ẹ̀bẹ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni ìdí àtijọ́ tí a fi kọ́ ilé náà tún ṣe é lóore lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìṣèlú náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀, nítorí wọ́n ń fẹ́ kí Charles Tobey, aṣòfin àgbà láti New Hampshire, gbè sẹ́yìn ètò náà. Àwọn oníṣòwò Boston kan, tí David Stoneman ṣáájú wọn, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé náà. Ìjọba kó òṣìṣẹ́ àti ọ̀dà wá, wọ́n ń kun ògiri tọ̀sán tòru, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ó ti parí nígbà tí àlejò dé.

Láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 22 oṣù Keje, aṣojú 730 láti orílẹ̀-èdè 44 kún inú ilé náà, àwọn tí kò rí yàrá sì lọ sùn ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tí ó wà nítòsí. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ: Rọ́ṣíà jókòó pẹ̀lú Amẹ́ríkà, Íńdíà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣàkóso rẹ̀. Henry Morgenthau ni alága àpérò. Harry Dexter White darí ìgbìmọ̀ tí ó ṣètò àjọ owó àgbáyé, IMF, Keynes darí èyí tí ó ṣètò Báǹkì Àgbáyé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Bọ́isíkáòtù ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri nínú ìpàdé. Wọ́n fẹnu kò pé dọ́là yóò dúró lórí wúrà, dọ́là 35 fún wúrà ìwọ̀n áúnsì kan, owó gbogbo orílẹ̀-èdè yòókù yóò sì so mọ́ dọ́là.

Nínú orílẹ̀-èdè 44 wọ̀nyí, mẹ́rin péré ni ó wá láti Áfíríkà: Íjíbítì, Etiópíà, Làìbéríà, àti Gúúsù Áfíríkà tí àwọn òyìnbó ń ṣàkóso. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀, nítorí abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a wà. Owó tí a ń ná nígbà náà ni pọ́n-ùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ìgbìmọ̀ kan tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1912 ń tẹ̀, tí a sì so mọ́ pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì. Èrè tí ó kù lórí kòkó tí ìjọba ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ wa nígbà ogun, ní London ni a tọ́jú rẹ̀ sí. Íńdíà àti Íjíbítì dìde ní Bretton Woods, wọ́n béèrè bí a ó ṣe san gbèsè tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ wọ́n nítorí ogun. A kò gbà fún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ti àgbẹ̀ kòkó, kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, síbẹ̀ a fá a. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 1961, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn òmìnira, ni Nàìjíríà tó di ọmọ ẹgbẹ́ àwọn àjọ méjèèjì. Láti ọ̀dọ̀ Báǹkì Àgbáyé ni a ti yá owó fún ìdídò Kainji tí ó fún wa ní iná, lábẹ́ ọ̀rọ̀ IMF náà sì ni a rí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP ti ọdún 1986, tí náírà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lulẹ̀ tí gbogbo ilé sì mọ̀ ọ́n lára. Ìwé tí ó bí gbogbo rẹ̀, ire àti ibi rẹ̀, inú yàrá kan ni a ti bu ọwọ́ lù ú lẹ́sẹ̀ Òkè Washington, a sì ń fi yàrá náà han àlejò títí di òní.

Ìrọ̀lẹ́ Gígùn

Ènìyàn lè rò pé òkìkí bẹ́ẹ̀ yóò sọ ilé náà di ọ̀tun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù dé sí ilé àti ọ́fíìsì ìlú ńlá, ooru tí ó ń lé ènìyàn gun òkè kò sì lágbára mọ́. Ọkọ̀ òfurufú sì sọ òkun Florida àti Yúróòpù di nítòsí. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ń kó èrò wá dẹ́kun. Ilé ìtura Fabyan jóná ní ọdún 1951, wọ́n ti ilé ìtura Crawford pa, wọ́n fi ẹrù inú rẹ̀ lu gbànjo, iná sì jó ilé náà ní ọdún 1977. Ilé funfun náà kúkú wà, ó ń lọ láti ọwọ́ onílé kan sí òmíràn. Nítorí pé fún ìgbà ooru nìkan ni a kọ́ ọ, kò ní ohun èlò tí yóò mú un móoru. Bí oṣù Kẹwàá bá ti dé, wọn a ti í, yìnyín a sì máa dá jókòó tì í títí oṣù Karùn-ún. Ilé tí ń ṣiṣẹ́ oṣù márùn-ún tí ó sì ń jẹ owó oṣù méjìlá, ẹ̀yin oníṣòwò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ. Àní ètò dọ́là àti wúrà tí a ṣe nínú rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ kú, nígbà tí Ààrẹ Nixon gé okùn tí ó so méjèèjì pọ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1971.

Ìjọba àpapọ̀ kọ orúkọ ilé náà sí ìwé àwọn ibi ìtàn pàtàkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1986, ṣùgbọ́n oyè kì í tún òrùlé ṣe. Nígbà tí báǹkì tí ó ya onílé lówó wó, ilé náà bọ́ sí ọwọ́ àjọ tí ń mójú tó báǹkì tí ó bá kùtà, àjọ náà sì fi lu gbànjo ní ọdún 1991. Àwọn ará àdúgbò kan, tí rélùwéè orí òkè náà ti wà lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n kó owó jọ tí wọ́n rà á, ní mílíọ̀nù 3.15 dọ́là. Ẹ fi owó náà wé ohun tí Stickney ná sí i ní ọgọ́rin ọdún ó lé mẹ́sàn-án ṣáájú.

Ìgbà Òtútù Gba Ìgbà Ooru Là

Àwọn ará àdúgbò wọ̀nyí ni mo kà sí olùdásílẹ̀ kejì. Wọ́n ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó ti ni ilé náà ṣáájú wọn kò ṣe: wọ́n mú un móoru. Wọ́n pààrọ̀ fèrèsé, wọ́n fi ẹ̀rọ ìmúlémóoru sí i, nígbà tí ó sì di òpin ọdún 1999 ilé náà gba àlejò ìgbà òtútù fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti kọ́ ọ. Àwọn tí ń fi pákó ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín ní òkè tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà, tí a ti ṣí láti ọdún 1973, wá rí ibi wọ̀ sí. Láti ìgbà náà, owó ìgbà òtútù ni ó ń tún òrùlé tí òjò ìgbà ooru ń rọ̀ lé lórí ṣe. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ra ilé náà ní ọdún 2006, ilé iṣẹ́ Omni bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkóso rẹ̀ ní ọdún 2009, ó sì rà á pátápátá ní ọdún 2015.

Ilé Náà Lónìí

Kò sí ìdílé tí ń kó àpótí wá fún oṣù méjì mọ́. Àlejò òní ń wá fún òru méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń wá nítorí ìgbéyàwó, tàbí ọjọ́ ìbí ẹni tí ó pé ogójì, àádọ́ta, tàbí ọgọ́ta ọdún. Àwọn kan ń kédùn pé àṣà àtijọ́ ti lọ. Èmi kò bá wọn kédùn. Nígbà ayé Stickney, olówó nìkan ni ó lè rí òkè náà láti orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Lónìí, nọ́ọ̀sì tí ó fi ọdún kan tọ́jú owó lè mú ìyá rẹ̀ lọ síbẹ̀ kí wọ́n jọ ṣe ọjọ́ ìbí, ẹni tí kò bá sì lówó yàrá lè gbé àpò rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn kí ó gba ọ̀nà tí àwọn Crawford là, igbó ọba ni, kò sí ẹni tí yóò lé e. Àwa Yorùbá fẹ́ràn kí ọjọ́ ìbí kún fún ìlù, oúnjẹ àti aṣọ ẹbí, mo sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀; síbẹ̀ mo gbà pé ó tọ́ kí ènìyàn tí ó pé ọgọ́ta ọdún jókòó fún ọjọ́ kan níwájú ohun tí ó dàgbà jù ú lọ.

Ohun tí ó wà níbẹ̀ láti wò kò kéré. Ẹranko ńlá tí òyìnbó ń pè ní moose, tí ìwo akọ rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ, a máa jáde wá jẹ koríko inú àbàtà ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Igi birch tí èèpo rẹ̀ funfun wà ní ìsàlẹ̀, igi fir tí òórùn rẹ̀ ń ta sánsán wà lókè rẹ̀, bí ènìyàn bá sì gòkè sí i, igi a di kékeré, a kúrú, a wá tán pátápátá. Lókè lọ́hùn-ún ni òdòdó ofeefee kékeré kan wà, *Potentilla robbinsiana*, tí a kò lè rí níbòmíràn ní gbogbo ayé àfi ní àwọn òkè New Hampshire wọ̀nyí. Ẹsẹ̀ agunkè fẹ́ pa á run. A yí ọ̀nà ẹsẹ̀ padà, a gbin òmíràn, ní ọdún 2002 ìjọba sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn ohun tí ó wà nínú ewu. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú kékeré wo orí òkè náà nígbà ooru: ibẹ̀ ni a ti wọn atẹ́gùn tí ó sáré ní máìlì 231 láàárín wákàtí kan, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1934, yìnyín sì lè bọ́ níbẹ̀ ní oṣù Keje.

Ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá bọ́ sí oṣù Kẹfà yóò bá òdòdó lupine aláwọ̀ aró lójú pápá káàkiri agbègbè náà, òdòdó orí òkè yóò sì ti tanná, ṣùgbọ́n kí ó wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, nítorí àwọn kòkòrò dúdú tí ń bù ènìyàn jẹ kì í mọ ọjọ́ ìbí. Oṣù Keje dára fún rélùwéè eléyín, tí a lè rí èéfín rẹ̀ láti orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ó ti ń gun òkè, àti fún wíwẹ̀ nínú odò Ammonoosuc, tí omi rẹ̀ ṣì tutù nini. Ní oṣù Kẹjọ ni èso blueberry ń pọ́n lójú ọ̀nà, òru a sì ti máa ń béèrè kúbùsù. Ẹni tí a bí ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ni yóò bá ewé igi maple tí ó pupa tí ó sì ń pọ́n yòò, ṣùgbọ́n kí ó tètè gba yàrá sílẹ̀, nítorí àkókò náà ni èrò ń pọ̀ jù.